Abọ́ Ológun Tí Mo Rà ní Ìgbọ̀nà, Oṣù Mẹ́fà Rèé Tí Mo Ti Ń Lò Ó

Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò ló kọ́kọ́ tú àṣírí abọ́ yìí fún mi. A ti gun òkè omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà dé àjà kejì, omi ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, ó ń fọ́n sí wa lára, àwọn ọmọ sì ti ń ké ebi. Mo ṣí báàgì tí àkọ́bí mi gbé kọ́ ẹ̀yìn, epo pupa ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Aṣọ ìpààrọ̀ àbúrò rẹ̀ ti mu epo, tówẹ́ẹ̀lì ti mu epo, ìwé àwòrán tó mú dání ti lẹ̀ mọ́ra. Abọ́ náà kò sì ṣí. Ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀ gbọin, ọwọ́ irin rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ kó dè é. Epo kàn ń gba àárín ìdérí àti ẹnu abọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti Òṣogbo dé Iléṣà, títí a fi dé Erin.

Mi ò bínú sí ẹni tó tà á fún mi, torí kò parọ́. Ó ní abọ́ ológun ni, abọ́ ológun náà ni lóòótọ́. Ìbéèrè tí n kò bi í lọ́jọ́ náà ni pé, ológun tí wọ́n ṣe é fún, kí ló ń jẹ? Láti ìgbà náà, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wo gbogbo abọ́ ìrìnàjò tí mo bá rí, yálà ti ológun ni o, tàbí ti àwọn tó ń lọ jẹun nínú pápá fún ìgbádùn.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní ọjà Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, ni mo ti rí i. Bàtà ológun wà níbẹ̀, bẹ́líìtì fífẹ̀ wà níbẹ̀, báàgì alápò púpọ̀ wà níbẹ̀, àti páálí kan tí abọ́ wọ̀nyí kún inú rẹ̀. Ó pè é ní ₦16,000, mo ná an títí ó fi gba ₦12,500. “Àǹtí, ẹ fọwọ́ kàn án, kì í ṣe páànù o,” ló ń wí, ó sì ń fi ìka lu ìdí abọ́ kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì gidi ni. Nígbà tí mo délé, mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun: gíráàmù 540, pẹ̀lú ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ tó wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ Home Economics ni mí, ọ̀rọ̀ abọ́ àti ìkòkò kì í sì í tètè sú mi. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n dúró nídìí páálí yẹn, bàbá mi ni. Ológun ni wọ́n. Wọ́n wà nínú ogun abẹ́lé láti 1967 títí ó fi parí ní 1970, àwo alumíníọ̀mù méjì tí wọ́n fi jẹun níbẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ìyá mi ní Òkè-Baálẹ̀ dòní. Onígun mẹ́rin ni méjèèjì. Ọ̀kan kéré díẹ̀ sí èkejì kó lè wọ inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ wáyà tó ń ṣẹ́ po sí ẹ̀gbẹ́. Irú ti àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ni. “Mẹ́sìtíìnì” ni Bàámi ń pè é. Wọ́n á ní inú ńlá ni àwọn ti ń se iṣu, inú kékeré ni àwọn ti ń bu ọbẹ̀, ilẹ̀ á sì mọ́, kí àwọn fi ńlá yẹn náà gbé omi kaná láti fi fá irùngbọ̀n. “Tí o bá sọ mẹ́sìtíìnì nù, kò sẹ́ni tó máa yá ọ ní tiẹ̀. Kí lòun fẹ́ fi jẹun?” Bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún wa nìyẹn tí a bá fẹ́ mú un ṣeré.

Ẹ̀gbọ́n wọn kan ti lọ sí ogun Bọ́mà ṣáájú wọn. Ní àfonífojì Kaladan, ní 1944, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, torí kò sí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà débẹ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù nínú igbó. Bàámi ní ohun tí ẹ̀gbọ́n àwọn tẹnu mọ́ jù nínú ìtàn ogun rẹ̀ ni pé ohun tí èèyàn kò bá lè rù, kó má kà á mọ́ ohun tó ní. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ìwúwo àti ààyè tí nǹkan ń gbà ni orísun gbogbo ọgbọ́n tó wà lára àwọn abọ́ wọ̀nyí.

Ti Amẹ́ríkà tí mo rà kò jọ ti Bàámi. Ó rí roboto gígùn bí ẹyin. Abala ìsàlẹ̀ ṣe é gbé kaná bí agbada kékeré, ọwọ́ irin gígùn kan wà lára rẹ̀. Abala òkè ni ìdérí, ṣùgbọ́n tí a bá yí i dojú sókè, àwo oníyàrá méjì ni, ògiri kékeré kan pín in láàárín. Tí a bá ti kó ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ sínú rẹ̀, a ó ṣẹ́ ọwọ́ irin náà padà sórí ìdérí, yóò há pẹ́kẹ́, ó parí. Àpẹẹrẹ 1932 ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ láàárín àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ní 1942, nígbà ogun Hitler, ni wọ́n gba onísitẹ́nlẹ́ẹ̀sì wọlé.

Òrùka kan wà létí àwo ìdérí yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò pé wọ́n fi í kọ́ abọ́ mọ́ ìṣó ni. Àṣé iṣẹ́ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá fẹ́ jẹun, wàá na ọwọ́ irin abọ́ ìsàlẹ̀ síta, wàá ti òrùka àwo ìdérí bọ̀ ọ́, wàá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, abọ́ méjèèjì á sì dúró ṣinṣin ní ọwọ́ kan ṣoṣo. Orí ìlà ni ológun náà wà, ó ń gba oúnjẹ ní ìdúró, ife rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ kejì. Ẹni tó ronú kan òrùka yìí ti dúró lórí ìlà oúnjẹ rí, ó dá mi lójú.

Nígbà tó yé mi ni mo rí i pé ọgbọ́n yìí bá àwa gan-an mu ju àwọn tó ni ín lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni ṣíbí wa. Tí ọwọ́ òsì bá lè gbé àmàlà àti ọbẹ̀ pọ̀ láìsí tábìlì, láìsí àpótí ìjókòó, kí la tún ń wá? Mo dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé mi, ní ìdúró, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Mo gbé àmàlà sínú abọ́ ìsàlẹ̀. Mo bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sí yàrá kan nínú àwo, mo bu ọbẹ̀ ata àti ẹran sí yàrá kejì. Ó wú mi lórí gan-an láti rí i bí wọ́n ṣe jókòó sáàyè wọn. Òkèlè àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ìkejì lọ dáadáa. Ní ìkẹta ni ewédú gun orí ògiri àárín kọjá, ó sì darapọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ata, nítorí yàrá méjèèjì kò jìn. Ẹ̀wà gbígbẹ, ànàmọ́ sísè, búrẹ́dì, ẹyin díndín, ẹran sísun: irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni yàrá náà wà fún. Ohun tó bá ń fà kò wà nínú ìṣirò wọn. Apá òsì mi sì ti ń gbọ̀n kí n tó jẹun tán, torí sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì wúwo, àmàlà náà wúwo.

Ní ti ìwọ̀n, àmàlà tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá á jẹ yó wọ inú rẹ̀. Ti bàbá wọn kò wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí irin rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà lọ́jà. Tí a bá gé alumíníọ̀mù àti sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì ní ìwọ̀n kan náà, alumíníọ̀mù kò wúwo ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí mẹ́sìtíìnì Bàámi fi fúyẹ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù tún máa ń gba iná káàkiri ara rẹ̀ kíákíá, omi inú rẹ̀ á tètè hó, oúnjẹ kò ní í jóná lójú kan. Ti sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì, ibi tí iná bá wà gan-an ló máa gbóná jù. Mo din ẹyin nínú abọ́ yìí lórí èédú, àárín rẹ̀ dúdú nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń yọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi dáná gbọ́dọ̀ dín iná kù, kó sì máa yí i kiri.

Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù kò fẹ́ràn ohun kíkan. Bí o bá fi ọbẹ̀ tòmátò tàbí ògì kíkan sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú, á máa jẹ ẹ́ lára, oúnjẹ náà á sì ní adùn irin lẹ́nu. Ìdí mẹ́sìtíìnì Bàámi kún fún àmì ihò wẹ́wẹ́, mo sì mọ ohun tó fà á. Sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì kò ní wàhálà yẹn. Oṣù mẹ́fà rèé, mo ti bu ògì sí abọ́ mi, mo ti bu ọbẹ̀ ata sí i, mo ti gbàgbé ẹja sínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, ó ṣì ń dán, kò dípẹtà, kò sì rùn. Lórí èyí nìkan, mi ò kábàámọ̀ owó tí mo san.

Fọ́ọ̀kì rẹ̀, mo ti yọ ọ́ kúrò. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò mú, ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ni a fi ṣí agolo ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ní irin kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣí agolo, P-38 ni orúkọ rẹ̀, 1942 ni wọ́n ṣe é. Ó ń ṣẹ́ po, kò sì gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá ń ta abọ́ yìí, ì bá dára kó fi ọ̀kan kún un. Ṣíbí ni mo gbóríyìn fún. Ó tóbi, ó jìn, a fi mu ẹ̀kọ mímu, a fi jẹ ìrẹsì, a fi ro gaàrí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń gbìyànjú láti sọ ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ di ẹyọ kan: ní 1874 ni Samuel W. Francis gbàwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọ̀kan. Mo ti lo irú rẹ̀ oníke tí wọ́n ń tà báyìí. Eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi ẹ̀kọ dà síni láyà, kò sì jẹ́ fọ́ọ̀kì gidi náà.

Ibi tí abọ́ yìí ti gba ọkàn mi pátápátá ni bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ihò gbọọrọ kan wà ní ìdí ọwọ́ ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, ológun á ti gbogbo wọn bọ ọwọ́ irin abọ́ náà pọ̀ mọ́ àwo ìdérí, á dì í mú, á sì rì wọ́n pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù omi gbígbóná ọlọ́ṣẹ, lẹ́yìn náà sínú omi híhó mìíràn tí kò ní ọṣẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan omi, omi náà sì lè gbóná débi tó máa pa kòkòrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń jẹun pa pọ̀, tí abọ́ wọn kò bá mọ́, ìgbẹ́ ọ̀rìn á wọ àárín wọn, wọn ò ní lè dìde, ká má tíì sọ pé wọ́n ń jagun. Mo ti fi abọ́ yìí kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 mi ní ẹ̀kọ́ kan odindi lórí ìmọ́tótó, wọn ò sì gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń gbàgbé èyí tó wà nínú ìwé.

Àbúrò mi ọkùnrin yá a lọ sí kám̀pù NYSC ní Kebbi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun náà gbádùn ihò yẹn: tí ilẹ̀ bá ṣú, á so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọwọ́ irin, á gbé e kọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni kò sì jí ṣíbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yẹn kò ṣeé gbára lé o.” Ní ọjọ́ karùn-ún ni ìdè ọwọ́ irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, lọ́jọ́ kẹsàn-án ló yẹ̀ nígbà tí wọ́n bu ẹ̀wà gbígbóná sí i, ẹ̀wà dà sí i lẹ́sẹ̀. Ara rẹ̀ bó díẹ̀. Nígbà tó gbé e dé, mo yẹ ìdè náà wò, ìṣó pẹlẹbẹ méjì péré ló dì í mú, ọ̀kan ti tú. Tiwa tó jẹ́ tòkunbọ̀, kò sí bí a ṣe lè mọ iye ọdún tó ti ṣe lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ mì í dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Kó má baà dà bíi pé ti ológun nìkan ni mo mọ̀, mo ra èyí tí wọ́n ń pè ní ti ìgbafẹ́ náà, ní ilé ìtajà ńlá kan nígboro. ₦28,000, ti ẹni mẹ́rin. Báàgì rẹ̀ rẹwà, mi ò ní purọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwo ike pẹlẹbẹ mẹ́rin, ife wáìnì mẹ́rin tó ní ẹsẹ̀, fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ, ṣíbí kóńkóló, àti ohun ìwọ́nyọ̀ méjì. Kò sí abọ́ kan ṣoṣo tó jìn. Mo bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná sí àwo kan, ó sán láàárín. Mo yí i padà, nọ́ńbà 6 ló wà nínú àmì onígun mẹ́ta ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà 5 ni kí ẹ máa wá tí ẹ bá fẹ́ ra abọ́ ike fún oúnjẹ gbígbóná. Ìyẹn ń fara da ooru. Àwọn mẹ́ta tó kù ti gba àwọ̀ epo pupa, kò sì sí ọṣẹ tó lè bó o. Mo ti fi í fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa fi ṣeré.

Ní Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí ọbẹ̀ ti dànù, ohun tí a jẹ ni ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí mo rà ní Ọjà Ọba ní ìdájí. Inú báàgì kan náà ni wọ́n wà, abẹ́ ọbẹ̀ gan-an ni wọ́n wà, mo kàn fi omi ṣan ara ewé náà, a sì tú u. Kò sí ohun tó wọ inú rẹ̀, kò sí ohun tó jáde. Ewé eéran ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. Ewé yẹn ni ìkòkò tí wọ́n fi se é, òun ni ìdérí, òun ni àwo. A kò fọ abọ́ kankan. Mo jókòó sórí àpáta yẹn, mo ń wo ewé tó ṣófo lọ́wọ́ ọmọ mi, mo sì ń rò ó pé ìyá tó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ní Ọjà Ọba ti yanjú ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀rọ ológun ń fi irin wá. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí ewé kò lè ṣe fún wa, ìyẹn ọbẹ̀ ṣíṣàn.

Ọ̀kan tún wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rò. Báwo ni èèyàn ṣe máa fọwọ́? Abọ́ ológun Amẹ́ríkà kò ní ohun ìfọwọ́, mẹ́sìtíìnì Bàámi kò ní, báàgì ìgbafẹ́ onífe ẹlẹ́sẹ̀ kò ní. Ẹni tó ń fi fọ́ọ̀kì jẹun kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkèlè jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, omi ìfọwọ́ ló máa ń ṣáájú abọ́ délẹ̀. Nílé, bí a bá fún àlejò ní oúnjẹ láìfún un ní omi ìfọwọ́, ẹ mọ ohun tó máa sọ tó bá délé rẹ̀. Inú odò ni àwọn ọmọ mi fẹ́ ki ọwọ́ olóòógùn àti ọlọ́ṣẹ bọ̀ lókè Erin, mo ní rárá, torí àwọn èèyàn wà ní ìsàlẹ̀ tó ń fi omi kan náà bọ́jú.

Nítorí náà mo gbé abọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ Bàbá onípáànù kan nítòsí Ọjà Ọba, ẹni tó ń ṣe àdògán àti ìdérí ìkòkò. Wọ́n yí i lọ, wọ́n yí i bọ̀, wọ́n fi èékánná ra ẹnu rẹ̀ yíká. Wọ́n ní, “Tíṣà, abọ́ yìí kò ní ètè.”

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ní ìdérí tó kàn gorí ẹnu abọ́ lásán, eruku ló lè dí, kò lè dí omi. Ìdérí tó bá máa dí omi gbọ́dọ̀ ki ara rẹ̀ bọ inú ọ̀fun abọ́ bíi ti agolo ọ̀dà, tàbí kó ní rọ́bà tó máa tẹ̀ mọ́ ètè. Abọ́ tèmi kò ní ọ̀fun, kò ní ètè, kò sì ní rọ́bà. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni wọ́n fi sọ ohun tí mo fi odindi báàgì epo kọ́.

Wọ́n fẹ́ fi páànù ṣe agolo kékeré kan fún mi, kí wọ́n sì fi òjé lẹ ojú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Òjé kì í ṣe ohun tó yẹ kó kan oúnjẹ, pàápàá oúnjẹ kíkan, pàápàá ti ọmọdé. Á máa wọ ara díẹ̀díẹ̀, á sì máa ba ọpọlọ jẹ́. Wọn ò jiyàn. A jọ wá ife sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì kan tó gbòòrò, tí gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, kó lè jókòó sínú abọ́ ìsàlẹ̀ kí ìdérí ńlá sì tún lè dé e. Wọ́n lu ìdérí tuntun fún un láti ara àwo sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì àtijọ́, ó ki bọ ọ̀fun ife náà ṣinṣin. Mo gé rọ́bà ìkòkò presà sí ìwọ̀n, a fi yí etí ìdérí náà ká. Wọ́n yọ ìṣó méjì tó di ọwọ́ irin mú, wọ́n fi mẹ́ta tó nípọn rọ́pò wọn. ₦6,500 ni gbogbo rẹ̀, ọ̀sán méjì ni wọ́n sì fi ṣe é.

Télọ̀ mi rán àpò rẹ̀ láti ara àdìrẹ tó ṣẹ́kù nínú aṣọ tí mo rán, ó fi rọ́bà tábìlì ṣe inú rẹ̀. Àpò kékeré méjì wà ní ẹ̀gbẹ́: ọ̀kan fún ike omi pẹlẹbẹ, èkejì fún ọṣẹ dúdú inú ọ̀rá àti aṣọ ìnuwọ́. Omi yẹn kì í ṣe mímu. Mo ti kìlọ̀ fún wọn nílé, ti ìfọwọ́ ni.

Ilá ni mo fi dán ife náà wò. Mo bu ọbẹ̀ ilá kún un, mo dé e, mo to abọ́ náà, mo gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá, mo sì gun ọ̀kadà láti Ọláìyá dé Àbẹ́rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀nà yẹn mọ iye ìgbà tí ọ̀kadà máa ń fò sókè. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí i ní ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀, mi ò lè dúró dé ibi iṣẹ́ tí mo ń lọ. Gbogbo ara ife gbẹ. Mo fi ìka nu abẹ́ rọ́bà rẹ̀, ó gbẹ. Mo fóònù Bàbá onípáànù lójú ẹsẹ̀ láti sọ fún wọn, wọ́n kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run léraléra.

Bí mo ṣe rà á, mo fún un ní mẹ́ta nínú márùn-ún: méjì fún irin rẹ̀ àti òrùka rẹ̀, ọ̀kan fún ihò ṣíbí. Bó ṣe wà báyìí, mẹ́rin. Èyí tó kù ni ti ìwúwo, nítorí pẹ̀lú ife àti omi, ó ti kọjá kílò kan, ọmọ mi kékeré kò sì lè gbé e jìnnà. Mo ti bi Bàbá bóyá wọ́n lè lu irú òrùka yẹn mọ́ mẹ́sìtíìnì alumíníọ̀mù, irú ti Bàámi, nítorí ó fúyẹ́, ó jìn, àmàlà bàbá wọn á sì wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n gbé e wá kí àwọn wò ó. Ìyá mi kò tíì gbà kó jáde nínú àpótí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra abọ́ ìrìnàjò lọ́sẹ̀ yìí, ní Ìgbọ̀nà o, ní Ayégbajú o, kó mú ike omi kan dání lọ. Ẹ má fi ìka lu ìdí rẹ̀, ìyẹn ò sọ nǹkan kan. Ẹ bu omi kún un, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì ka títí dé ogún.